Tamul Tí A Fi Pe Khargeswar

Èyí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, mi ò sì tíì fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ bi àwọn ará Pathsala, ìlú tó ti ṣẹlẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Dharanidhar, Ọ̀gá wa, fi darí ẹgbẹ́ eléré wa káàkiri Assam ní ilẹ̀ India. Èmi tí mo ti sùn ní gbogbo ibùdókọ̀ etí odò Brahmaputra, mo bá a ṣiṣẹ́ iná fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìtàgé méjì la máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ àgọ́ tápólì. Bí eré bá parí lápá ọ̀tún, n ó pa iná ibẹ̀, Ọ̀gá á ní, “Tan iná apá òsì,” eré á sì máa bá a lọ láìdúró.

Lọ́dún yẹn, ó ti fi ẹgbẹ́ lé Nirupa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà ti ní ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kó fojú rí eré àkọ́kọ́ ọmọ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀, ó gbé àwo idẹ, ó ń fi tamul pe àwọn òṣèré lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bí ẹ ṣe ka obì sí làwa ka tamul sí, èso líle tó ń sọ itọ́ di pupa. Ẹni tó bá gbà á, dandan ni kó wá. Ọ̀gá kì í wo ìwé, àwọn orúkọ ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dé àárín, ó ní, “Khargeswar, ọba wa, gbà.”

Khargeswar, tó máa ń ṣe ọba nínú eré wa, ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

“Bàbá, ta lẹ ń pè yẹn?” Nirupa bi í jẹ́jẹ́.

Bipul, aláwàdà wa, ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òkú kì í kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí o!”

“Mélòó nínú ẹ̀yin alààyè ló kọ́ tiẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín. Ó dá tamul náà padà sínú àwo, ó pín ìyókù tán, ó gbé àwo sétí ìtàgé òsì. Nígbà tí mo lọ so wáyà níbẹ̀, àwo ti ṣófo.

Lọ́sàn-án, a ń dánra wò lápá ọ̀tún. Òjò ń lu tápólì. Apá òsì ṣókùnkùn, ìró ẹni tó ń rún nǹkan líle sì ń ti ibẹ̀ wá, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Òórùn kánfọ̀ gba imú mi. Kánfọ̀ ni Khargeswar fi ń pa àyà lọ́sẹ̀ tó kú.

“Thaneswar, ṣé o gbọ́?” Ọ̀gá sọ ọ́ sí mi létí.

“Mo gbọ́, Ọ̀gá.”

“Mo sọ fún yín pé ó fi àìsàn pa mọ́ ni. Irọ́ ni. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun sinmi. Mo ní kó ṣeré ná.”

Ó de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ dé ọrùn. Mo di apá aṣọ náà mú. “Ẹ má lọ, Ọ̀gá. Nirupa ń kọ́?”

“Èmi ni mo pè é. Èèyàn kì í pe àlejò kó tún máa sá fún un.”

Ó gun àtẹ̀gùn. Ìró náà dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó kígbe sí mi láti inú òkùnkùn, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo tẹ iná.

Orí àga ọba ló jókòó sí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mí mọ́. Ọ̀gá ò léyín tó lè fọ́ tamul. Ṣùgbọ́n ìdajì tamul wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú eyín lára rẹ̀, itọ́ pupa ò tíì gbẹ.

Nirupa bi mí ohun tí bàbá òun sọ kẹ́yìn. Ó rò pé orúkọ òun ni. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un.

“Tan iná apá òsì.”