Ọ̀pá Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bíńtín ni wọ́n ń pè é. Ó kéré lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò kéré.

Lójoojúmọ́, òun àti bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà máa ń sáré ìje láti ṣọ́ọ̀bù délé.

Bíńtín á sáré, kìtì-kìtì-kìtì!

Bàbá àgbà á máa tẹ ọ̀pá bọ̀. Kó... kó... kó.

"Ẹ tún gbẹ́yìn!"

"Orúnkún yìí ni! Jẹ́ kó san ná, wàá rí mi!"

Nígbà tó yá, bàbá àgbà kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Sátidé.

Ilé pa lọ́lọ́. Kò sí kó... kó... kó mọ́. Bíńtín sunkún, sunkún.

Ìyá àgbà ní, "Jésù kú, ó sì jí dìde. Lọ́jọ́ kan, yóò jí bàbá àgbà náà dìde."

Bíńtín nu ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà ní, "Bàbá oníbúrẹ́dì fẹsẹ̀ rọ́. Ògiri ló ń dì mú rìn. Ọ̀pá bàbá àgbà dà, ká fún un?"

Bíńtín dákẹ́. Bíńtín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́!

Ìyá àgbà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀pá.

Ó wo àárín pákó ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀pá.

Ó wo yàrá Bíńtín. Hẹ̀n-ẹ́n! Orí ọ̀pá yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀pá náà ń sùn ni?"

Ni Bíńtín bá bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn! Tí bàbá àgbà bá jí dìde, kí ni wọ́n máa fi rìn?"

Ìyá àgbà gbé e sórí itan.

"Ọmọ mi, nígbà tí Jésù jí dìde, ó rìn, ó jẹun, wọ́n fọwọ́ kàn án. Bàbá àgbà náà á jí, tọwọ́ tẹsẹ̀."

"Orúnkún wọn ńkọ́?"

"Á ti san. Kò ní dùn ún mọ́ láéláé."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Hùùù! Bíńtín mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó fa ọ̀pá yọ, ó gbé e lọ fún bàbá oníbúrẹ́dì. "Ẹ gbà. Bàbá àgbà mi ò ní lò ó mọ́."

Kó... kó... kó. Bàbá oníbúrẹ́dì fi ògiri sílẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bíńtín náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kìtì-kìtì-kìtì! Ó sáré délé. Ó sáré padà. Ó tún sáré délé.

"Bíńtín, kí ló ń lé ẹ?"

"Mò ń múra sílẹ̀ ni, ìyá àgbà! Orúnkún bàbá àgbà á ti san nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ gbẹ́yìn!"