Ebè Tí Lásísì Kò Tú

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà kì í jókòó. Fetí sí ìtàn Lásísì, àgbẹ̀ oníṣu ní Manigri.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, ogun jó àká iṣu bàbá rẹ̀, ìyàn sì pa ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù ti ń lé e kiri. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kò sì ní jẹun tán tí yóò fi gbé ọkọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ikú bá dé, Lásísì yóò ní kó jẹ́ kí òun parí poro kan.

Gbogbo Manigri ló mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń wa iṣu tó kọ́kọ́ ta. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó yọ iṣu ńlá pẹ̀lẹ́ láì já gbòǹgbò, a ó sì da erùpẹ̀ bò ó padà. Lẹ́yìn náà, a kì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀bù yóò ti ta, ìyẹn iṣu tí a ó gbìn lọ́dún tí ń bọ̀.

Lásísì kò lè fi í sílẹ̀. Bí kò bá ta ńkọ́? Bí ikán bá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó tú ebè kan wò, ó bò ó, ó tú òmíràn. Ó lọ sí ọjà Bassila, kò ráyè kí ẹnikẹ́ni, ó sáré padà wá tú sí i.

Umárù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bá a lóko. Ogun ti kó Umárù lọ rí, Abẹ́òkúta ló sì ti gba Jésù gbọ́ kó tó padà wálé.

"Lásísì, fi ebè sílẹ̀," ó ní. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ìwọ tó ń jókòó lọ́jọ́ ìsinmi, ta ní ń bá ọ ṣọ́ oko?"

"Ẹni tó ń mú iṣu ta ni."

Lásísì rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ọkọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó wa oko. Gbòǹgbò ti já, ìdí iṣu ti rà. Ebè tó tẹ̀ lé e rí bẹ́ẹ̀, òmíràn rí bẹ́ẹ̀. Lámátù aya rẹ̀ wò ó, ó ní, "Baba Sákínátù, ebi tí ẹ̀ ń sá fún, ọwọ́ yín lẹ fi pè é wá." Lásísì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sunkún bí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Umárù gbọ́, ó wá. Ó bi í bóyá ebè kankan wà tí kò tú.

"Ti ìdí igi òrí nìkan, nítorí oyin tó wà níbẹ̀."

Oyin ti ṣí lọ. Wọ́n wa ibẹ̀. Ẹ̀bù wà níbẹ̀, ara wọn ń dán.

"Ta ló ṣọ́ èyí?" Umárù bi í.

Lásísì gbé ọ̀kan lọ́wọ́. "Kì í ṣe èmi."

"Ẹni náà ló rán Jésù sí ọ. Ó ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, iṣẹ́ yẹn ti parí. Wá sinmi."

Lásísì rí i pé ọwọ́ ara òun lòun ti sọ di ọlọ́run. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó fi ara rẹ̀ lé Olùgbàlà lọ́wọ́. Ẹ̀bù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbìn ín. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí lò ń tú wò lójoojúmọ́ tí o kò lè fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́? Má dúró de ọyẹ́. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀, kí o wá.