Ọwọ́ Karùn-ún

Káfíńtà ń kan ẹsẹ̀ àga kan tó ti yẹ̀ ní ilé ìkàwé nígbà tó gbójú sókè, tó sì rí obìnrin kan tó na bébà sí ojú fèrèsé, tí oòrùn òwúrọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá sí i lójú. Òòlù dúró lókè, kò wálẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà ló ń tọ́jú ilé ìkàwé. Àwọn mẹ́ta ló yí tábìlì rẹ̀ ká: télọ̀ kan, onídìrí kan àti tíṣà àgbà kan. Ọ̀rọ̀ kan tó ń fò láti orí fóònù dé orí fóònù ni wọ́n tẹ̀ sórí bébà náà, tí wọ́n ń tú wò, nípa òògùn tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn lọ́jọ́ mẹ́ta.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bi wọ́n. "Nígbà wo? Ta ló tún jẹ́rìí sí i?"

Ó jẹ́ kí wọ́n wá ìdáhùn fúnra wọn. Ẹnìkan rí èyí, èkejì rí tọ̀hún, títí irọ́ náà fi wó lulẹ̀ lójú gbogbo wọn. Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, òògùn yẹn wà nílé wa. Ọ̀la ni ìyá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

"Ẹ fa àga, kẹ́ ẹ jókòó," ni obìnrin náà sọ. "Èyí tẹ́ ẹ ń kàn lọ́wọ́ yẹn kọ́ o."

Bó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń pàdé ní Sátidé-Sátidé nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, gbogbo àga ti dúró ṣánṣán, ó ṣì ń wá.

"Kí ló tún yẹ̀ lónìí?"

"Ọkàn mi ni, olólùfẹ́."

Àfi bí àwòrán kan ṣe wọ fóònù bàbá obìnrin náà: káfíńtà nínú aṣọ kóòtù, ìyàwó aláṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ti níyàwó nílé."

Káfíńtà ní àbúrò òun ni, òun ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Bàbá ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. "Mi ò bí ọmọ mi fún ilé olórogún!"

"Bàbá mi, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́," ni ọmọ rẹ̀ sọ. "Ẹ ṣáà wá bá wa jókòó."

Ní Sátidé, bàbá jókòó láàárín wọn, ojú rẹ̀ le koko. Télọ̀ ní aṣọ àwọn méjèèjì inú àwòrán náà kò jọ ti tọkọtaya.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí," ni obìnrin náà wí.

Onídìrí fẹ àwòrán náà lójú. Lójijì bàbá na ìka.

"Ẹ dúró ná. Ọwọ́ ta lèyí?"

Ọwọ́ káfíńtà méjèèjì wà níwájú rẹ̀. Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì di òdòdó mú. Síbẹ̀ ọwọ́ kan wà léjìká ìyàwó, kò sì sí ara tó ni í!

Tíṣà àgbà wá ojú ewé ayàwòrán tó ya ìgbéyàwó náà. Odidi àwòrán jáde, pẹ̀lú ọkọ gidi tí wọ́n ti gé dànù, tó ń rẹ́rìn-ín.

Omi lé sójú káfíńtà. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ rárá ló gbà á là!

"Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi," ni bàbá wí fún káfíńtà jẹ́jẹ́. "Mi ò sì béèrè. Má bínú, ọmọ mi."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, káfíńtà kò lè sọ ju gbólóhùn kan lọ. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń retí rẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi. Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n jọ gba ọ̀nà ilé ìyá káfíńtà lọ wéré, kó má baà kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu ẹlòmíràn.