Àmì Àkọ́kọ́ Kò Gbọdọ̀ Sún

Bàtà rẹ̀ ni aránṣọ náà kọ́kọ́ rí, bàtà méjì tí eruku bò, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, ọkùnrin gíga kan ló ń wò ó, tó ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí, tó ká bébà gígùn kan mọ́yà. Bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti já. Ẹ̀rín ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ ló mú kí aránṣọ gbàgbé pé ẹnu òun kún fún abẹ́rẹ́ olórí.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní téèpù yín. Rúlà mi ti kúrú jù."

"Ta lẹ fẹ́ wọ̀n?"

"Wúrà ni."

Díẹ̀ ló kù kí aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ mì. "Wúrà! Ṣé ó fẹ́ rán ṣòkòtò ni?"

Ọkùnrin náà tẹ́ bébà rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Wúrà ló ń rà tó ń tà lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan tó háyà lókè ilé oògùn tó wà ní òdìkejì títì. Ìlà kan tó ń fi iye owó rẹ̀ hàn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ lára bébà náà, ó sì fi pẹ́ńsù fa àmì mẹ́ta sí i.

"Ibi tí iye owó ti gbéra nìyí, àmì kìíní. Ibi tó gùn dé nìyí, àmì kejì. Ó wá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sinmi níbí, àmì kẹta. A ó wọ̀n láti kìíní dé kejì, a ó gbé ìwọ̀n yẹn lé orí àmì kẹta, ibẹ̀ ló máa dé tó bá tún gbéra. Tó bá lágbára, á dé ìlọ́po kan àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwọ̀n náà. Ìlà òkè nìyẹn. Fibonáṣì ni wọ́n ń pe irú ìwọ̀n yìí."

"Ta ló sọ fún un pé kó dé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó kàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni."

"Tí kò bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti fàmì sí ibi tí màá ti sá jáde kí owó mi tó run." Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tí kò tíì ní ohun tó lè pàdánù. Aránṣọ ní kó dúró jẹ́ẹ́, ó sì gán bọ́tìnnì mọ́ ọn lọ́rùn láìgba kọ́bọ̀. Èémí rẹ̀ ń kan aránṣọ níwájú orí ní gbogbo àkókò náà, abẹ́rẹ́ sì gún un lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ náà ló ti di Onírúlà. Ọ̀sán kan kì í kọjá kó máà sọdá títì wá. Aránṣọ á ní, "Onírúlà mi, báwo ni wúrà ṣe jí?" Òun náà á dáhùn pé, "Ó ń kí ọ, ó ní ìwọ lo rẹwà ju òun lọ." Lẹ́ẹ̀mejì ni iye owó dé ibi tó fàmì sí, lójú aránṣọ kòró. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dì mọ́ ara wọn láàárín àkísà aṣọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ṣùgbọ́n màmá aránṣọ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ aṣọ, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u. Dókítà ti sọ pé omi tó há sínú ojú náà ló ń pa á, pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó tó oṣù mẹ́ta, torí ìríran tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

"Ìlà ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́," ni màmá wí. "Kí ni màá ní ọkọ ọmọ mi ń ṣe?"

Onírúlà gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé egungun. Ó ní òun kò ní wá kí màmá lọ́wọ́ òfo. Tí wúrà bá dé ìlà òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á ṣègbéyàwó.

Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló wá kó owó iṣẹ́ abẹ lọ bá a. Owó náà kò tíì pé, oṣù sì ń lọ, ó fẹ́ kí wúrà sọ ọ́ di púpọ̀.

"Owó ojú màmá? Rárá o, olólùfẹ́ mi. Gbé e padà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni aránṣọ fi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Onírúlà fa àmì mẹ́ta sórí bébà búráùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó fàmì sí ibi tí yóò ti sá jáde, ó sì gba owó náà. Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ há bébà náà mọ́ ògiri.

Wúrà gòkè dé ìdajì ọ̀nà, ó sì yí padà. Onírúlà ní wúrà ń sinmi ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní ó ṣì ń sinmi. Lẹ́yìn náà, kò sọdá títì mọ́.

Aránṣọ yọ bébà búráùn lára ògiri, ó gun òkè ilé oògùn lọ. Onírúlà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Gbogbo ìlà náà ló gún régé lójú kọ̀ǹpútà, ìlà òkè ṣì ń dúró dè wọ́n, ọkàn aránṣọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Àfi ìgbà tó tẹ́ bébà búráùn sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Àmì kìíní kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀."

Onírúlà fọwọ́ bo àmì náà lójú kọ̀ǹpútà.

"O ti sún un. Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà tó bá ti já wálẹ̀ dé ibi tó yẹ kí n ti sá jáde ni mò ń wá ibòmíràn tí màá fi àmì náà sí, tí ìlà á fi sọ fún mi pé ojú màmá kò ní fọ́."

"Tí aṣọ ò bá tó oníbàárà mi, ṣé téèpù ni mo máa ń fà?" Omi ti dà bo aránṣọ lójú. "Jáde. Jáde níbẹ̀ báyìí."

Onírúlà tẹ bọ́tìnnì kan, ọjà náà sì parí. Owó tó ṣẹ́ kù kò tó ra jígí ojú.

Aránṣọ ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó yẹ kó wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ojú ọ̀tún màmá yè. Ti òsì ti lọ. Onírúlà ń ru sìmẹ́ǹtì ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ó sì ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọjú. Aránṣọ gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀, kò rí i ṣe. Ṣebí òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé owó náà lọ. Ó ń rán aṣọ, ó ń tú u, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, àárọ̀ kan kò sì mọ́ tí kò wù ú pé kó má tíì mọ́.

Màmá ló ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Onírúlà wá, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì nínú irun.

"Ìwọ ni Onírúlà? Sún mọ́ mi. Ẹyọ ojú kan ni mo fi ń wò ọ́."

"Ẹ má dárí jì mí, mà."

"Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń kú lọ lójú mi, ojú tó kù mí kù yìí náà ló sì ń rí i."

Aránṣọ kò gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìgbà wo la máa ṣègbéyàwó?" ló bi í.

Onírúlà nawọ́ sí ẹ̀yìn etí, pẹ́ńsù kò sí níbẹ̀ mọ́. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá mo yẹ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́la, tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, màá wá mú màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Nígbà náà ni aránṣọ sunkún, ẹkún tí kò rí sun láti oṣù wọ̀nyí. Ó dìde, ó mú bébà búráùn alámì mẹ́ta náà, ó yí i sí ẹ̀yìn tí kò ní àmì, ó sì ju téèpù yí Onírúlà lọ́rùn.

"Kí lo fẹ́ rán?"

"Dúró jẹ́ẹ́. Ṣé ìhòòhò lo fẹ́ fi ṣègbéyàwó, lọ́jọ́ tá ò mọ̀ yẹn?" Ó wo téèpù. Ọrùn náà ti rù gan-an, ó sì fi ìka bọ abẹ́ téèpù bíi pé ó fẹ́ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí iye rẹ̀ lè pọ̀ sí i.

"Mélòó ni?" ni màmá bi í láti orí àga.

Aránṣọ yọ ìka rẹ̀ kúrò. "Mẹ́tàlá àbọ̀ péré, mà."

"Kọ ọ́ bó ṣe wà."

Ó sì kọ ọ́.