Ìkíni Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Ẹlẹ́rìn-ín dúró sí, síkáàfù funfun lọ́rùn rẹ̀, ìwé ètò ìsìn lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí àwọn tó ń kí èèyàn káàbọ̀, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ́ ọ pé kó wo èèyàn lójú, kó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kó sì fi ìjókòó hàn wọ́n. Ó ní ta ni iṣẹ́ yìí tún yẹ bí kò ṣe ọmọ tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ló yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú un ṣe é. Kò mọ̀ pé ọmọ náà kò rí oorun sùn láti ọjọ́ ìdánwò ìṣirò. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí olùkọ́ tó ń ṣọ́ wọn ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti bébà tó kọ ìdáhùn sí kó lè jíwèé wò lọ sábẹ́ àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ obìnrin aránṣọ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá bébà náà. Ọmọ aránṣọ sunkún, ó búra, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé títí ìgbìmọ̀ ilé ìwé yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín panu mọ́. Ó ní bóyá tí òun bá ń sin Ọlọ́run dáadáa, ọkàn òun á balẹ̀.

Ó ti kí bí ogún èèyàn nígbà tó gbójú sókè. Aránṣọ ló ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dorí kodò. Wọn ò wá síbẹ̀ rí. Ẹlẹ́rìn-ín yí padà kó sá wọlé, àfi bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu nọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àlejò rẹ nìyẹn. Lọ pàdé wọn."

Ẹlẹ́rìn-ín lọ pàdé wọn. Kó tó la ẹnu, aránṣọ ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọlọ́run ló mú wa wá síbi tí a ti mọ èèyàn," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo ẹgbẹ́ yín ló ti ń sá fún ọmọ mi. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Jọ̀ọ́, bá wa gbàdúrà."

Ìwé ètò ìsìn bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó fọ́n sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló sọ, "èmi ni mo ni bébà yẹn."

Aránṣọ rọra fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà. Ta ló máa gbà mí gbọ́ pé ìwọ ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ẹlẹ́rìn-ín jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fagi lé ìdánwò rẹ̀, wọ́n ní kó tún kíláàsì náà ṣe. Wọ́n pe ọmọ aránṣọ padà. Àwọn méjèèjì ò tíì di ọ̀rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá pàdé, ọmọ aránṣọ á kàn mi orí, á kọjá. Ìyẹn dun Ẹlẹ́rìn-ín ju kíláàsì tó ń tún ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ má fi iṣẹ́ Ọlọ́run bo ìwà àìtọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ ni ká kọ́kọ́ tọ̀ lọ, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà wá.