Ta Ni Yóò Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ejnar?

Ní ìlú Esbjerg, létí òkun Denmark, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Preben. Òun ló ń pín àwọn ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́ kan sí ojú iṣẹ́ wọn: ilé ìtajà, ilé ìwòsàn, títí dé ọgbà ìkẹ́rùsí ní ìparí èbúté, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gé ènìyàn létí. Ibi tó bá fi ọ́ sí lo máa lọ. Kì í mutí, kì í jalè. Ó rò pé ènìyàn rere lòun.

Ṣùgbọ́n Preben a máa di ènìyàn sínú.

Níbi oúnjẹ Kérésìmesì iléeṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Ejnar ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Bí ẹni da ọ̀dùnkún sápò ni ọ̀gá Preben ń pín wa. Èyí tó bá fara gbá, kó fara gbá." Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Preben náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti di ẹnìkan sínú rí mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí òjò rọ̀, èbúté ni Ejnar. Bí yìnyín bọ́, èbúté.

Nígbà tó yá, Ejnar wá bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, Signe, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà yóò sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Preben ní kó wá ṣiṣẹ́ ní kùtùkùtù, pé òun yóò rán ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí agogo ìsìn tó lù. Ejnar dúpẹ́ títí.

Preben kò rán ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣọ́ kì í fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ títí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi dé, ó sì mọ̀ pé Ejnar kò ní rú òfin náà.

Ọmọ àbúrò Preben wà lára àwọn tí wọ́n gbé ọwọ́ lé lọ́jọ́ náà, nítorí náà òun náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀. Ó tún gbọ̀n. Ó mọ ẹni tó ń pè. Ìyá Signe ti fi ẹ̀wù òtútù gba àyè sílẹ̀ fún Ejnar lórí àga. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Signe, ọmọ náà kò wo àlùfáà. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Lẹ́yìn ìsìn, Preben kò lè bá àwọn ará ilé rẹ̀ lọ jẹun. Kaj, àgbà ẹ̀ṣọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń pín ìwé orin lẹ́nu ọ̀nà, tó sì ti rí i pé Ejnar kò wá, bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fóònù tún gbọ̀n.

"Ejnar nìyẹn, àbí?"

Preben ní òun gbàgbé ni.

"Kí irùngbọ̀n tó hù lẹ́nu rẹ ni mo ti ń ṣe ẹ̀ṣọ́. O ò gbàgbé."

Ìtìjú bo Preben dé etí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìsìn ti parí. Kí ni mo tún lè ṣe?"

"Ìwọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà kan tí o ò lè kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá lo ti ń ṣọ́ ìbínú rẹ sí Ejnar bí ẹni ṣọ́ wúrà. Jésù ti wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, lórí igi ló ti gbà á. Ìwọ ni o ò fi sílẹ̀."

Preben gbé orí lé ògiri, ó sunkún. "Olúwa, ènìyàn burúkú ni mí. Gbà mí." Lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ ẹ̀ṣọ́ wọ̀, ó wakọ̀ lọ sí èbúté.

Ejnar ṣì wà lẹ́nu géètì. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Ó ń dán.

"Mo wá gbà á lọ́wọ́ rẹ," ni Preben wí. "Mi ò gbàgbé o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Dárí jì mí."

"Ṣé wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n ti pè é."

Ejnar fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sáré lọ bá ọmọ rẹ̀. Preben dúró nínú atẹ́gùn náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n wákàtí tó gbà lọ́wọ́ Ejnar kò padà wá mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má sọ fún mi pé o kì í mutí. Ta ni o fi sẹ́nu ọ̀nà, tí o kọ̀ láti tú sílẹ̀? Jésù kò pẹ́. Ó ti dúró níwájú rẹ, ó na ọwọ́. Ronú pìwà dà, fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́ lónìí, kí wọ́n má baà pe orúkọ rẹ lọ́jọ́ ńlá náà, kí wọ́n bá àga rẹ lófìfo.