Ẹni Tí A Ó Pè fún Bàbá Kẹsàn-án

Ọkọ̀ náà gùn débi pé imú rẹ̀ ti dé ẹnu-ọ̀nà ilé ìdáná kí ìdí rẹ̀ tó wọ géètì. Fọkòkò ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Fọkòkò yìí kan náà! Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọṣẹ. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ń fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé àwọn aláìnílé yìí, lórúkọ iṣẹ́ àánú. Lónìí, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán ju ojú ìkòkò èyíkéyìí tó fọ̀ rí lọ.

Àwọn àlejò tó tò fún oúnjẹ ọ̀sán gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlejò ni wọ́n ń pe àwọn tí kò nílé níbẹ̀. Màmá Ọ̀gá tó dá ilé náà sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní orúkọ míì.

Ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń kọ káàdì fún àwọn àlejò, òun ló sì ń pín bẹ́ẹ̀dì. Ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀dì ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò ní ẹyọ kan. Kọ́rídọ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sùn sí, ọkọ ẹ̀gbọ́n a sì máa ré e kọjá láràárọ̀ bí ẹni ré ewúrẹ́ kọjá.

"Ìwọ tó ń fún gbogbo ayé ní bẹ́ẹ̀dì," ọkọ ẹ̀gbọ́n a wí, "o ò rí ọ̀kan jí bọ̀?"

Akọ̀wé a rẹ́rìn-ín. A ká ẹní rẹ̀, a sì gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un, ojú nílẹ̀: bí oṣù bá ti parí, kó wá ibòmíì gbé orí lé. Ibòmíì wo? Akọ̀wé ti rí ara rẹ̀ lójú àlá, ó gbé abọ́ dání lórí ìlà, ẹlòmíràn ń kọ káàdì fún un.

Ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ lé Fọkòkò lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ọ̀gá Fọkòkò, ẹ kú oríire o. Ibo lẹ ti rí i? Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi, kí n lọ tẹ́ ẹní síbẹ̀."

"Tẹ́ ẹní kẹ̀?" Fọkòkò wí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti rí i, ẹ̀yìn mi ò tíì kan bẹ́ẹ̀dì."

Akọ̀wé rò pé iṣẹ́ àṣekára ló ń sọ.

"Ọkùnrin kan wà," Fọkòkò ń bá a lọ, ó ń wo ẹ̀yìn. "Kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Káàdì kan péré ló fẹ́, àti ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n káàdì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo."

Ẹ̀yìn káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan: *Ẹni tí a ó pè.* Bí àlejò bá ṣàìsàn, tàbí bó bá kú, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń pè. Ẹni tí ìlà rẹ̀ ṣófo, bó bá di àwátì, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé ibo ló wà.

Ó yé Akọ̀wé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó yé e ló ń tì í lójú títí dòní. Ohun tó ń tì í lójú ni pé kí Fọkòkò tó pa ẹnu dé, ó ti yan ènìyàn.

Bàbá Kẹsàn-án ló yàn. Orí bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni bàbá náà ń sùn. Bàtà aláwọ̀ igi wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, dúdú wà ní ti òsì; ó ní tọkọtaya ni wọ́n, wọn ò jọra, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ara wọn. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tó dé, Akọ̀wé bi í pé, "Bàbá, ta ni ká pè?" Ó ní, "Ẹ pe ẹni tó bá máa gbé e." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Akọ̀wé fi ìlà náà sílẹ̀ lófìfo.

Láti bí oṣù méjì ni bàbá náà ti wá di ìyọnu. Bí wọ́n bá pín ẹyin sísè láàárọ̀, kò ní jẹ tirẹ̀. Yóò wé e sínú bébà, yóò gbé e wá sí tábìlì Akọ̀wé. "Jẹ ẹ́. Ojú ẹ ti jìn." Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Akọ̀wé á jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Akọ̀wé yọ káàdì kẹsàn-án nínú àpótí. Kò tíì tì í bọ àpò tí Màmá Ọ̀gá fi yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo ń wá níbẹ̀?"

"Bàbá Kẹsàn-án ni, mà. Mo fẹ́ mú wọn lọ ṣe awò ojú."

"Awò ojú!" Màmá Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọmọ dáadáa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣìnà."

Àdúrà náà bà á láyà bí òkò. Kò sì ráyè yí ẹ̀yìn káàdì náà wò. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣebí òun ló kọ ọ́.

Oòrùn ń ràn ganrínganrín nígbà tí ọkọ̀ Fọkòkò dúró níwájú ilé ìfọṣọ kan tó ti kógbá wọlé. Bàbá Kẹsàn-án ti ya irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti nu bàtà méjèèjì.

"Ṣé ibi tí wọ́n ń ta awò nìyí?"

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, bàbá," Akọ̀wé wí. Ó di bàbá náà lápá mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má bàa ṣubú. Ẹ gbọ́ ọ o: kó má bàa ṣubú!

Fọkòkò ò bá wọn wọlé. Ó dúró ti ọkọ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn bí ìgbálẹ̀.

Nísàlẹ̀, òkùnkùn bò wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ tò lọ sí ọ̀tún àti òsì, ẹnu wọn là sílẹ̀. Omi ń kán. Òórùn ọṣẹ wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni òórùn eyín tó ti jẹrà wà. Láàárín ilẹ̀, ìkòkò dúdú kan jókòó, ìdérí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ó ń mí.

"Ẹ nu ẹsẹ̀ yín," ohùn kan wí.

Akọ̀wé ti ń retí àwọ̀ ẹranko àti egungun lọ́rùn. Oníṣègùn tó jáde wá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, pẹ́nù mẹ́ta wà ní àpò rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀. Ó jọ ọ̀gá ilé ìwé. Ìyẹn ló bani lẹ́rù jù.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ di ojú. Láìpẹ́, ohun gbogbo á hàn kedere."

Ó yí ìkòkò po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ:

"A kì í wá ewé tó já bọ́ sígbó.
A kì í bi odò léèrè òjò tó mu.
Ẹni tí a kò retí, ilé kì í tan fìtílà dè é.
Ẹni tí a kò pè, kì í jẹ́.
Ẹni tí kò jẹ́, ẹ gbà, ẹ jẹ!"

Irun ọwọ́ Akọ̀wé dìde. Ìdérí ìkòkò mì. Bàtà Bàbá Kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ilẹ̀, èyí aláwọ̀ igi ṣíwájú, dúdú tẹ̀ lé e, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ bàbá náà lọ síbi ìkòkò, àga ń ké lábẹ́ rẹ̀.

"Káàdì dà?" Oníṣègùn na ọwọ́. "Àwa náà ní ìlànà tiwa. Ká má bàa ṣìṣe ni, ìkòkò yìí kì í jẹ ẹni tó lẹ́ni. Ọ̀gá mi dán an wò nígbà kan. Èékánná rẹ̀ nìkan la rí sin."

Ó yí ẹ̀yìn káàdì. Ó tún awò rẹ̀ ṣe.

"Nọ́ńbà wà níbí."

"Kò lè wà níbẹ̀!"

Oníṣègùn fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí.

*Kékeréékèèè!*

Àkùkọ kan kọ nínú àpò Akọ̀wé. Ohùn fóònù rẹ̀ ni.

*Kékeréékèèè!*

Ó wá rántí. Oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn alábẹ̀wò tó ń yẹ káàdì wò ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí ìlà kankan tó ṣófo. Káàdì mọ́kànlá ló fi kánjú kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ṣẹ̀dá ìyá fún ẹnì kan, ó fún ẹlòmíràn ní àbúrò. Nígbà tí irọ́ tán lórí rẹ̀, ó kọ "ọmọ rẹ̀" fún Bàbá Kẹsàn-án, ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó dìde, ó gbàgbé.

"Alábẹ̀wò ló kà á sí mi létí," Bàbá Kẹsàn-án wí láti orí àga. Ojú rẹ̀ ti là. "Mo ní kó tún un kà. Ó kà á nígbà mẹ́ta fún mi. N kò bi ọ́ nítorí kí ojú má bàa tì ọ́."

Ẹyin. Ẹyin òwúrọ̀ oṣù méjì, nínú garawa ìdọ̀tí.

"Bàbá ẹ lo mú wá fún mi?" Oníṣègùn bi í.

"Kì í ṣe bàbá mi! Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni!"

"Ó dáa. Ọ̀nà kan ló kù. Gbé ọwọ́ lé etí ìkòkò, kí o sọ ọ́ sí i lẹ́nu pé o ò mọ̀ ọ́n rí. Ìlà náà á parẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ ni yóò jẹ."

Bàbá Kẹsàn-án ń wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kú.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ì bá fẹ́ kó pariwo, kó yí ìkòkò dànù, kó gbé bàbá kọ́ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé etí ìkòkò, ó sì wí ketekete bí ẹni ń ka ìròyìn:

"Mi ò mọ bàbá yìí rí."

Ìdérí fò sókè. Eyín ló wà nínú ibẹ̀, wẹ́wẹ́, funfun, bí eyín ọmọ ọwọ́, ìlà lórí ìlà. Ìkòkò ò wo bàbá. Àtàǹpàkò tó jẹ́rìí lórí káàdì, tí ẹnu wá ń sẹ́, òun ló gbá mú. *Kàrápá!* Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Akọ̀wé ké, ìkòkò ń fà á, ọwọ́ ti wọlé dé ọrùn ọwọ́, eyín ń gun apá rẹ̀ bọ̀ bí èèrà.

"Ẹyin òwúrọ̀ yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ mi," Bàbá Kẹsàn-án wí. Ó tú bébà nínú àpò rẹ̀, ó sì ju ẹyin náà sí ìkòkò lẹ́nu, odindi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìkòkò tó ti ń gbé ènìyàn mì tàgbàtàgbà, ẹyin sísè fún un lọ́fun! Oúnjẹ tí baba fi pa ebi mọ́nú fún ọmọ, kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́. Ó wúkọ́. Ó tu Akọ̀wé dànù sára ògiri, láìsí àtàǹpàkò.

"Kí lẹ fún un jẹ?" Oníṣègùn figbe ta. "Ó ti ya ẹnu! Kì í pa á dé lófìfo!"

Ìkòkò yí ẹnu sí i. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bàtà rẹ̀ lọ. Ó di fóònù mú, ó ń tẹ nọ́ńbà: "Ẹ gbé e! Ẹnikẹ́ni! Ẹ ṣáà gbé e!" Ó pe ọ̀kan, ó pe òmíràn. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ìkòkò mu ún wọlé láti àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ, ìgbáròkó rẹ̀ há díẹ̀ lẹ́nu ìkòkò kó tó fọ́, igbe rẹ̀ di omi. Lẹ́yìn náà, ìkòkò gbùfẹ̀, ó pọ awò ojú tó ti là sí méjì jáde.

Ẹsẹ̀ Bàbá Kẹsàn-án yè padà, ó wá awò náà títí lórí ilẹ̀. Ó nù ún. Ó fi í sójú, ó sì mú káàdì rẹ̀ tó já sílẹ̀ bọ àpò.

"Irọ́ ẹ ti di òótọ́," ó wí. "Awò ti dé." Ó wá fa Akọ̀wé lápá gun àtẹ̀gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má bàa ṣubú.

Lóde, Fọkòkò ti sùn sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan tìmùtìmù níkẹyìn. Ẹnu rẹ̀ rọ bí ti ọmọ tó yó. Wọ́n gbọ̀n ọ́n títí, kò jí.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Màmá Ọ̀gá rí ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì, ó kígbe. Bàbá Kẹsàn-án dá a lóhùn níwájú gbogbo ìlà oúnjẹ alẹ́: "Ẹranko burúkú kan kọlù wá. Ọmọ mi ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu nítorí mi."

Ọgbọ̀n àlejò pàtẹ́wọ́. Màmá Ọ̀gá sunkún ayọ̀. Akọ̀wé dúró láàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ ń ro ó, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ yẹn dùn ún ju ọwọ́ lọ.

Ó dúró kí gbogbo wọn lọ jẹun. Ó sọ ohun gbogbo fún Màmá Ọ̀gá, kò fi ẹyin pamọ́. Màmá Ọ̀gá jókòó. Ó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ máa fọ ìkòkò.

Nígbà tí oṣù parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e jáde. Bẹ́ẹ̀dì kẹwàá ló ṣófo. Ó gbé abọ́ dání lórí ìlà, Màmá Ọ̀gá kọ káàdì fún un, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi í pé, "Ta ni ká pè?"

Akọ̀wé yí abọ́ ọwọ́ rẹ̀ po.

Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an lórí ìlà ni Bàbá Kẹsàn-án wà, awò tó là sí méjì lójú rẹ̀. Ọjọ́ àtúnṣe káàdì ni, tirẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e ka orí tábìlì. Ó ti fi rọ́bà pa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, bébà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

"Ṣé kí n kọ ọ́ padà, bàbá?" Akọ̀wé bi í, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Bàbá wò ó láti inú awò yẹn, ó pẹ́. Ó yọ ẹyin òwúrọ̀ ọjọ́ náà jáde nínú àpò, ó bó o, ó sì jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi tán. Ó nu ẹnu.

"Kọ ọ́," ó wí.

Akọ̀wé fi ọwọ́ òsì mú bíró bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé.

Bàbá gba bíró náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ọ́."